Wọ́n Gba Ìwé Ìrìnnà Àbúrò Mi ní Beirut: Kí Ni Òfin Lè Ṣe?

Ìbéèrè: Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án tí àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ ilé ní Beirut, lórílẹ̀-èdè Lẹ́bánónì. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni ìyá tó ń ṣiṣẹ́ fún ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kò sì san owó oṣù mẹ́rin tó kọjá. Ẹ́jẹ́ǹtì tó mú un lọ láti Ìbàdàn ní àfi kó pé ọdún méjì, tàbí ká san owó ìrìnàjò rẹ̀ padà. Ṣé kó sá ni? Ṣé òfin Nàìjíríà lágbára kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ní kó sá, àyàfi bí wọ́n bá ń lù ú tàbí tí wọ́n ń febi pa á, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó jáde, kó sì gba iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Beirut lọ tààrà. Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra ni pé abẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní kafala ló wà. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni náà ni wọ́n so ìwé ìgbélùú rẹ̀ mọ́, bó bá sì fi ilé náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ó di ẹni tí kò níwèé, ọlọ́pàá sì lè tì í mọ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tirẹ̀ ni wọ́n jẹ. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá a máa ráyè lọ sóko ara rẹ̀. Òfin iṣẹ́ Lẹ́bánónì ti ọdún 1946 yọ òṣìṣẹ́ ilé sílẹ̀ nínú abala keje. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba ibẹ̀ gbé ìwé àdéhùn tuntun jáde tí yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ láìtọrọ àyè, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ẹ́jẹ́ǹtì pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a dúró ní oṣù kẹwàá.

Ẹ́jẹ́ǹtì yín ni ọwọ́ òfin wa lè tètè tẹ̀. Abala 23 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó òṣìṣẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè láìní ìwé àṣẹ. Ẹ bi í léèrè ìwé náà, ẹ má sì san kọ́bọ̀ kún èyí tí ẹ ti san. Ẹ ṣa rìsíìtì, ohùn àti ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, àdírẹ́sì ilé tó ń gbé, àti ọjọ́ tí wọ́n sanwó fún un kẹ́yìn jọ, kí ẹ sì kó ẹ̀dà wọn lọ fún NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, tí òfin ọdún 2015 fún lágbára láti pe ẹni tó bá fi ẹ̀tàn kó èèyàn lọ sí iṣẹ́ ipá lẹ́jọ́. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí NiDCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ má tijú láti pariwo: ní oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n gbé ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook ní Lẹ́bánónì pẹ̀lú àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀, pé ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á, ariwo tó sọ lórí rẹ̀ ló sì jẹ́ kí wọ́n tètè mú ẹni tí wọ́n fura sí.

Ní ti ìwé ìrìnnà, àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣíkiri sọ nínú abala 21 pé kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bí kò ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin fún láṣẹ. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 2009. Lẹ́bánónì kò sí níbẹ̀. Nílé níbí, abala 12 nínú òfin ìpìlẹ̀ wa sọ pé àdéhùn báyìí kò di òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin. Abala 254C, tí àtúnṣe ọdún 2010 fi kún un, fún Ilé-Ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ láyè láti wo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìdájọ́, ọ̀nà yẹn ni èmi yóò sì gbà bí ẹ bá fẹ́ gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì. Àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ ìdílé tó rówó gba agbẹjọ́rò nìkan ni yóò rí ọ̀nà náà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìwé sí NAPTIP, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin àgbègbè yín, kí ẹ sì bi í ní tààrà ìgbà tí wọn yóò sọ àdéhùn náà di òfin.