Ìkọlù àti ìdènà nínú playoff NFL: báwo la ṣe ń ṣírò wọn?

Ìbéèrè: Iye àmì tí ikọ̀ kan ń gbà nínú eré kọ̀ọ̀kan láàárín sáà ni mo fi ń sọ iye tí yóò gbà nínú playoff NFL, ìyẹn eré ìyọkúrò tó ń tẹ̀lé sáà nínú líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó ń já mi kulẹ̀ ṣáá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Apá kan lẹ ń wò. Èmi tí mo ń fi ìṣirò yìí jẹun, iye tí ìkọlù (àwọn tó ń wá àmì) ń gbà ni mo ń mú, màá ro ó mọ́ iye tí ìdènà alátakò (àwọn tó ń dá wọn dúró) ń jẹ́ kó wọlé, màá wá yọ ìpíndọ́gba gbogbo líìgì kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, ti oṣù kejì ọdún 2014 dán an wò. Ní sáà 2013, Denver Broncos gba àmì 606 nínú eré 16, ìyẹn 37.9 nínú eré kan. Ikọ̀ kankan ò gba àmì tó 606 rí nínú sáà kan. Seattle Seahawks ò jẹ́ kó ju 14.4 lọ tó ń wọlé sí wọn. Ìpíndọ́gba líìgì jẹ́ 23.4. Denver yóò gba 28.9 nìyẹn. Seattle ń gba 26.1, 24.9 ló ń wọlé sí Denver: 27.6. Seattle na Denver ní 43 sí 8!

Ti Denver, ìṣirò wa kùnà pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ tú 43 yẹn wò. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Denver fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ fò kọjá lórí Peyton Manning, quarterback wọn (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀), ó bọ́ sí òpin pápá tiwọn, Seattle sì ti ní àmì 2 kí ìṣẹ́jú-àáyá 15 tó pé. Malcolm Smith ti ìdènà Seattle já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e sáré dé òpin pápá: 7. Percy Harvin gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ abala kejì, òun náà ò dúró: 7. Ìkọlù Seattle ò fọwọ́ kan 16 wọ̀nyí. Ẹ yọ ọ́, ó ku 27.

Bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ lọ́wọ́ ló ń da ìṣirò rú jù. Ìdènà tó já púpọ̀ gbà láàárín sáà lè má rí ẹyọ kan já nínú playoff, nítorí náà mo fọkàn tán yáàdì tí ikọ̀ ń rìn nínú ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ju àmì lọ. Ẹ má ka eré ìparí sáà tí ikọ̀ ti fi àwọn ògbóǹtarìgì rẹ̀ sílé. Bí quarterback bá sì fara pa, eré tí igbákejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, ì báà jẹ́ méjì péré.