Ìbéèrè Yín: Ṣé Káàdì Ohùn Ni Kí N Kọ́kọ́ Rà Ni, àbí Báfù?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ohùn kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo wọn ń sọ, àfi bíi pé ẹ pàdé síbì kan kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Olùkọ́ kan láti Kétu: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi fóònù gba orin Ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò wa ku ọ̀la, mo wá kó o sórí láptọ́ọ̀pù. Ohùn olórin ń jáde, irin ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ń dún ṣaka ṣaka, àmọ́ ìyá ìlù ńkọ́? Bí ìgbà téèyàn ń fìka gbá páálí ló ń dún. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra káàdì ohùn. Fàráǹkì 30.000 ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé kí n rà á?

Ẹ má tíì rà á o, tíṣà. Ẹ wá íyápíìsì tó dáa kan ná, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó bá ní, ẹ kì í bọ láptọ́ọ̀pù yẹn, kẹ́ ẹ fi gbọ́ orin kan náà. Bí ìyá ìlù bá dún níbẹ̀, a jẹ́ pé ó wà nínú fáìlì yín, kọ̀ǹpútà náà sì ń gbé e jáde bó ṣe yẹ, báfù kékeré inú láptọ́ọ̀pù ni agbára ẹ̀ ò ká a. Ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ bíi ti ìyá ìlù, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni báfù gbọ́dọ̀ tì kó tó jáde, báfù inú láptọ́ọ̀pù ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ owó fàráǹkì 100 lọ, ibo ló ti fẹ́ rí afẹ́fẹ́ tì?

Káàdì ohùn tí wọ́n ń sọ yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju báyìí lọ. Orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà lásán ni, ti CD jẹ́ nọ́ńbà 44.100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan fún etí ọ̀tún, iye kan náà fún tòsì, káàdì ohùn ló ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn di iná, iná yẹn ló wá ń mi awọ báfù. Láyé ìgbà tí káàdì ohùn Sound Blaster àkọ́kọ́ jáde, lọ́dún 1989, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju kó ké píì píì lọ àfi tẹ́ ẹ bá ra káàdì sínú ẹ̀. Ìgbà yẹn lòkìkí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ó ti wà lára bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà yín látilẹ̀, fún orin gbígbọ́ sì rèé, ó tó.

Èmi náà ti ṣe é rí o. Mo ra káàdì oní-USB kan báyìí, owó gidi, mo gbé e délé, mo so ó mọ́ báfù pẹ́tẹ́ pẹ́tẹ́ tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, mo jókòó bí ọba, mo tan orin. Ìyàwó mi ní èwo wá ni tuntun níbẹ̀. N ò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà báfù ni kẹ́ ẹ fowó yẹn rà, èyí tó ní ámpílì, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, nínú ara ẹ̀, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa kì bọ iná. Tẹ́ ẹ bá dé Ouando ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, ẹ máa rí i lára páálí, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé 1000W PMPO. Ẹ má wò ó, ìtànjẹ ni, agbára tí wọ́n ní ó lè ní fún ìṣẹ́jú akàn ni PMPO. RMS ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, 20W RMS tó jẹ́ òótọ́ á kún pálọ̀ yín. Kẹ́ ẹ sì gbé orin Ẹ̀fẹ̀ yín dání nínú fóònù, òun ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi dán an wò fún yín, torí orin tí ọlọ́jà fi ń dán báfù wò, ó ti ṣa èyí tó máa dùn fún un tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o, kó ga tó etí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, bó bá sì jẹ́ méjì ni, kí báfù méjèèjì àti ẹ̀yin fúnra yín wà bí ààrò mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ igun ògiri jù, ìlù á wú, á gbé ohùn olórin mì.

Àmọ́ bí ìyá ìlù ò bá dún nínú íyápíìsì náà, fóònù ni ò gbà á, kò sí káàdì tó máa jí i dìde. Àfi tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fi kó orin náà láti inú fóònù sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ kọ́kọ́ tún un fi ránṣẹ́ bíi dọkumẹ́ńtì ná, torí WhatsApp lè ti fún ohùn náà pọ̀ kó lè kéré.

Ẹnì kan tó ń to fídíò ìgbéyàwó, Àjàṣẹ́: Ámpílì àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń ké ùùùn ṣáá, bí mo bá sì mi máòsì, ó tún ń ké tsìì tsìì bí eku.

Eku náà kúkú ni, àbí kì í ṣe “souris”, ìyẹn eku, làwọn Faransé ń pe máòsì? Àrùn méjì ló wà lára ẹ̀ o. Ùùùn yẹn, iná ni, iná ilé wa ń mì nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan, òun lẹ ń gbọ́. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni kọ̀ǹpútà yín, ẹ yọ ṣájà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi bátìrì ṣiṣẹ́. Tó bá dákẹ́, ẹ ti rí ibi tó ti ń wọlé, kẹ́ ẹ ki ṣájà àti ámpílì bọ ẹstẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ó sábà máa ń dín kù. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ gé wáyà ilẹ̀ kúrò, ẹ dákun ẹ má dán an wò, òun ni ò jẹ́ kí iná gbé yín.

Tsìì tsìì ní tiẹ̀, ariwo inú kọ̀ǹpútà ló ń já wọ ibi tí ohùn ń gbà. Ẹ̀yin gan-an ni káàdì ohùn yẹ, kékeré oní-USB tó máa wà níta, torí ó máa gbé iṣẹ́ yẹn kúrò láàárín ariwo. Wáyà tó ní ẹnu pupa àti funfun, ihò AUX ni kẹ́ ẹ kì í bọ lẹ́yìn ámpílì, kì í ṣe ihò PHONO tó wà fún ẹ̀rọ àwo orin o, PHONO á fọ́ ohùn yín yángá. Ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà dé bíi 80 nínú 100, kẹ́ ẹ wá fi bọ́tìnì ámpílì dín in kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa gbogbo ẹ̀, ámpílì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kí báfù má baà gba ìgbájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ṣábẹ̀ẹ́: Bùrọ̀dá, báfù Bluetooth ni mo fi ń wo fídíò, ẹnu àwọn èèyàn á ti dákẹ́ kí ohùn wọn tó dé.

Àbúrò, Bluetooth ló ń fàkókò ṣòfò, ó ń di ohùn ní ìdì kékeré, báfù sì tún ń tú u. Wo ẹ̀yìn báfù yẹn, ihò kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ra wáyà kan, kó o fi so ó mọ́ ohun tó o fi ń wo fídíò.