Ẹ Bi Wá: Ọkọ̀ Ojú Omi, Ibodè àti Òǹtẹ̀ Inú Páásípọ́ọ̀tù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé jáde fẹ́ rin ìrìn-àjò olówó-pọ́ọ́kú, kí oníkálukú gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn, kí a sì rí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Èrò wa ni pé kí a gba Kaiama àti Kosubosu dé Chikanda, kí a wọ Benin níbẹ̀, kí a gba Parakou lọ sí Malanville, kí a sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Ọya sí Gaya ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ kì í béèrè ìwé, owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ṣé òótọ́ ni, ṣé a sì lè gba ibẹ̀? (Olùkàwé kan, Tanke, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Àbúrò wa, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gba ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọlọ́kọ̀ kì í béèrè ìwé nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ló ni iṣẹ́ náà, bí kò bá sì sí irú wọn ní èbúté tí ẹ ti wọkọ̀ àti èyí tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí, a jẹ́ pé lójú òfin, ẹ kò tíì jáde ní Benin, ẹ kò sì tíì wọ Niger. Ẹ lè má rí ewu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò yín dúró lójú ọ̀nà Niamey, tó ṣí páásípọ́ọ̀tù yín, tó rí òǹtẹ̀ ìwọlé Benin láìrí ti ìjáde, tí kò sì rí ti Niger rárá, ọjọ́ náà ni ẹ ó mọ̀ pé owó ìtanràn pọ̀ ju owó ọkọ̀ lọ, bí wọn kò bá tilẹ̀ tì yín mọ́lé kí wọ́n tó dá yín padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ odò náà ṣe rí. Afárá wà láàárín Malanville àti Gaya, orí rẹ̀ sì ni èrò ń gbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbé ìjìyà lé orílẹ̀-èdè náà lórí, wọ́n sì ti ibodè pa. Nígbà tí wọ́n mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Benin ṣí apá tirẹ̀, ṣùgbọ́n Niger fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní títì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké orí odò ṣe di ọ̀nà tí ẹrù àti ènìyàn ń gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde pátápátá kúrò nínú ECOWAS. Àdéhùn ọdún 1979 tó fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà kò de Niger mọ́. Ohun tí ìjọba ibẹ̀ bá fọwọ́ sí ni ẹ ó bá pàdé.

N kò tíì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ààbò. Agbègbè Alibori ni Malanville wà, níbi tí àwọn agbébọn ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Benin ní ọdún 2025, ìròyìn ọ̀nà Kaiama àti Baruten níhìn-ín pàápàá kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé Ìlọrin. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi ni yín, n kò ní fún yín lówó ọkọ̀ ọ̀nà yẹn.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó gba àárín orílẹ̀-èdè méjì kọjá ni ọkàn yín ń fẹ́, Rosso ni mo lè tọ́ka sí, lórí odò Senegal, níbi tí Senegal àti Mauritania ti kọjú sí ara wọn. Orúkọ kan náà ni ìlú méjèèjì ń jẹ́, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n wà ní bèbè méjèèjì, fẹ́rì sì ń gbé mọ́tò àti ènìyàn kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ afárá síbẹ̀ láti ọdún 2021. Mauritania ti kúrò nínú ECOWAS láti ọdún 2000, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ gba físà. Ibẹ̀ tún lókìkí fún àwọn alágbàṣe tí wọn yóò já lu àlejò, tí wọn yóò ní kí ó kó páásípọ́ọ̀tù wá kí àwọn bá a lọ lu òǹtẹ̀. Ẹ má fi páásípọ́ọ̀tù lé ẹnikẹ́ni tí kò jókòó sí ọ́fíìsì lọ́wọ́, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó.

Èyí tí kò la físà lọ ni ti Gambia. Ẹ ó wọ fẹ́rì ní Banjul kọjá ẹnu odò Gambia dé Barra, ẹ ó wọ mọ́tò dé Amdallai láti gba òǹtẹ̀ ìjáde, ẹ ó sì gba ti ìwọlé Senegal ní Karang. Orí ilẹ̀ ni ibodè fúnra rẹ̀ wà, àmọ́ ẹ ó ti jẹ ìgbádùn omi kí ẹ tó dé ibẹ̀, ọkàn yín yóò sì balẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà o: láti Èkó, ẹ ó gba ibodè Seme, Hillacondji, Aflao àti Elubo kí ẹ tó dé Abidjan, ìrìn-àjò ṣì kù níwájú. Owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin, Togo, Côte d'Ivoire àti Senegal, sídì ni ti Ghana, dálásì sì ni ti Gambia.

Ní ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwa ará Kwara kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pategi dànù lóru lórí odò Ọya, ènìyàn tó lé ní 100 ló sì bá a lọ. Èrò ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà. Ẹ má wọ ọkọ̀ lóru, ẹ má wọ èyí tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu rẹ̀ kó tó gbéra, ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sára, kí ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí. Kí àpò ẹ̀yìn yín wà nílẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀, nítorí ẹni tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ọkọ̀ bá dànù kò ní rí ọwọ́ lúwẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ tí a jọ fẹ́ rìn kò tíì ní páásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà nìkan ló ní. Ó ní bí wọ́n bá dá òun dúró, kí n máa lọ, òun yóò bá mi. Ṣé kí n gbà fún un? (Olùkàwé kan, Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Ẹ dúró kí ó gba páásípọ́ọ̀tù, kí ẹ̀yin méjèèjì sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni yẹ́lò káàdì tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ọdún 2016 ni káàdì náà ti di ti ìgbésí-ayé ẹni, ẹni tó bá ti ní i kò ní gba òmíràn.

Ní ti pé kí ẹnì kan máa lọ, èbúté ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Ọkọ̀ orí omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni, fóònù lè má ṣiṣẹ́ ní bèbè kejì, ẹni tó bá sì ti gba òǹtẹ̀ ìjáde kò lè kàn padà sẹ́yìn lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ tò sí ìlà kan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì san owó ọkọ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi gba òǹtẹ̀. Kí oníkálukú mú páásípọ́ọ̀tù àti owó tirẹ̀ dání.

Ìbéèrè: Ṣé ó ṣeé ṣe láti gba ojú omi láti Badagry lọ sí Àjàṣẹ́? (Olùkàwé kan, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Àjàṣẹ́ ti Benin lẹ ń sọ, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tó wà nítòsí yín. Ọ̀sà so àwọn ìlú méjèèjì pọ̀, àwọn oníṣòwò sì ti ń gba ibẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ìlànà kan náà ló de ọ̀nà yìí: bí ẹ kò bá rí ibi tí wọn yóò ti lu òǹtẹ̀ ìjáde fún yín kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ gba Seme lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ti dé Àjàṣẹ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀ nínú ìwé yín, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi káàkiri ọ̀sà ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.