Wọ́n mú iná lọ nígbà tí apt (irinṣẹ́ tó ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà) ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu mi, ó wá ń sọ pé "dpkg was interrupted". Kí ni kí n ṣe?

Má fòyà. dpkg, tí apt ń lò lábẹ́lẹ̀, ti tú àwọn package (àpò ètò) kan sílẹ̀, kò kàn tíì tò wọ́n tán ni. Ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí o tẹ:

sudo dpkg --configure -a

Ìyẹn á parí èyí tó kù. Bó bá ṣì ń ráhùn nípa dependency (àwọn package mìíràn tí package kan nílò):

sudo apt --fix-broken install

Bó bá ní "Could not get lock", ní sùúrù díẹ̀. Ó lè jẹ́ Ubuntu fúnra rẹ̀ ló ń ṣe update lábẹ́lẹ̀. Má pa fáìlì lock yẹn (èyí tí kì í jẹ́ kí apt méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) rẹ́ o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Àtibẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́ pátápátá. Fi df -h wo àyè tó kù lórí disk pẹ̀lú. Bí / (ibi tí Ubuntu wà lórí disk) bá ti kún dé 100%, kọ́kọ́ tẹ sudo apt clean.