Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Òkèlè Bá Kéré, Kí Ọbẹ̀ Pọ̀

Lẹ́tà tó pọ̀ jù tí ẹ kọ sí wa lórí oúnjẹ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí dídín afáralókun kù kí ara lè fúyẹ́. Afáralókun ni èròjà tó pọ̀ nínú gààrí, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà. Púpọ̀ nínú yín mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ ló ń dààmú yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ẹ̀bà àti ìrẹsì sílẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì máa ń lọ dáadáa, àmọ́ tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ebi á gbé mi dè, màá sì yọ́ lọ rẹ gààrí. Ṣé èmi ni mi ò lè kó ara mi níjàánu ni? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bú ara yín. Ebi ń pa yín lóòótọ́ ni, nítorí pé ẹ yọ òkèlè kúrò, ẹ ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹun nílẹ̀ wa, òkèlè ló ń kún inú; ọbẹ̀ díẹ̀ àti ẹran kan wà láti fi gbé e mì ni. Gààrí gbígbẹ gíráàmù 150, tí kò ṣòro fún àgbàlagbà láti jẹ tán lálẹ́, ní afáralókun bíi gíráàmù 125 nínú. Ẹni tó fẹ́ dín afáralókun kù kì í sábà jẹ́ kí gbogbo ti ọjọ́ kan ju 130 lọ. Ẹ̀bà kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìpín odidi ọjọ́ tán nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá ti ẹ̀bà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ wá jẹ ìwọ̀nba ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ jẹ kò tó oúnjẹ ọmọdé. Ara á gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó bá dalẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ di oúnjẹ gan-an, kí òkèlè di àfikún. Ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bù: ẹ̀fọ́ rírò ṣíbí ìbubẹ̀ ńlá mẹ́ta, ẹja tàbí ẹran tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì láì ka ìka mọ́ ọn, tàbí ẹyin mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ ẹ̀bà gààrí ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tí kò ga lórí. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 40, afáralókun rẹ̀ kò sì ju bíi 33 lọ. Ẹ jẹ ìdámẹ́ta ọbẹ̀ yẹn kí ọwọ́ yín tó kan òkèlè. Lójú tiwa, ẹ̀bà kékeré tí ẹ wọ̀n sàn ju pé kí ẹ ṣe òfin pé ẹ ò ní jẹ ẹ̀bà mọ́ láé, torí òfin bẹ́ẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ ẹ̀bà.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni ìgbà tí kò sí ọbẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje, tí ìkòkò ṣófo, búrẹ́dì ló máa rà. Nítorí náà ẹ máa se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́rú, kó sì pọ̀ tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀fọ́ máa ń sún kì: ohun tó kún agbada kí ẹ tó bọ̀ ọ́ lè má ju ìkúnwọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ ra ìlọ́po mẹ́ta iye tí ẹ máa ń rà. Ẹ fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa kó tó wọ inú ata, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ á dà bí omi, á sì tètè kan. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó. Ẹ bu ti ibi iṣẹ́ sínú fúláàsì kí ẹ tó jáde.

Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ fọ́n máa jẹ wíìtì, óòtì tàbí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò iyán. Oṣù kejì rèé tí mo ti ń jẹ ẹ́, tí kò sí àyípadà. Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

Orí èyí la fẹ́ dúró lé, torí ó ń ná yín lówó. Nínú ìyẹ̀fun wíìtì gíráàmù 100, afáralókun lé ní 70. Óòtì lé ní 60. Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bíi 80. Èlùbọ́ iṣu náà kò jìnnà síbẹ̀. Òótọ́ ni pé fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí kì í dà nínú, pọ̀ díẹ̀ nínú wíìtì àti óòtì, ṣúgà wọn kì í sì í sáré wọ ẹ̀jẹ̀ bíi ti búrẹ́dì funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí pé wíìtì ni, tó wá ro èyí tó tó orí ọmọ ọwọ́, afáralókun kan náà ló padà jẹ. Ìwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orúkọ.

Bí òkèlè ńlá bá ń wù yín, ẹ fi kábééjì ṣe é. Ìdajì kábééjì tó tóbi níwọ̀n máa tó ẹnì kan: ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi omi ife kan lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ dà á sínú aṣọ àsẹ́, kí ẹ sì fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Ẹ gbé e sínú ìkòkò lórí iná díẹ̀, ẹ máa rò ó bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ooru lè gbẹ ẹ́, kí ẹ wá bu èèpo psyllium lílọ̀ (èèpo hóró ewéko kan tó kún fún fáíbà) ṣíbí ìjẹun kan sí i, kí ẹ tún rò ó títí yóò fi fà. Bó bá rọ̀ jù, omi tí ẹ ò fún tán ló fà á. Bí ẹ bá ń bu psyllium sí i ṣáá, á di bí rọ́bà. Ẹ mu ife omi kan lé e, torí psyllium máa ń fa omi mọ́ra nínú ìfun.

Owó ẹran àti ẹja ti ga. Ṣé oúnjẹ àwọn olówó kọ́ lèyí báyìí? Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ṣáwá, ẹyin àti wàrà sóyà ni kí o dojú kọ. Wàrà ti àwọn Fúlàní náà dára, pàápàá ní Ìlọrin níbi tó ti pọ̀. Ẹ̀wà wà láàárín méjì: ife ẹ̀wà sísè kan ní afáralókun bíi 35, àmọ́ fáíbà tó bíi 11 nínú rẹ̀, ó sì máa ń dúró pẹ́ nínú. Jẹ ife kan láì fi búrẹ́dì, gààrí tàbí dòdò tì í.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, kílò mẹ́ta lọ lára mi. Láti ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, òṣùwọ̀n kò mì. Orí tún fọ́ mi gan-an ní ọjọ́ kẹta. Ṣé ara mi ni kò gbà á? Ìyàwó Ọlọ́pàá, Òṣogbo.

Ara yín gbà á. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Bí afáralókun bá dínkù, ara á ná ìpamọ́ yìí, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Omi ló pọ̀ jù nínú kílò mẹ́ta yẹn. Iyọ̀ máa ń bá omi náà lọ, òun ló sì sábà ń fa orí fífọ́, òòyì àti àárẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ife omi ẹran oníyọ̀ kan láàárọ̀ àti ọ̀kan nírọ̀lẹ́ máa ń mú un rọlẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láì kọ́kọ́ bi dókítà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ dára púpọ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ tún fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí ní ọ̀gangan ìdodo, torí ìbàdí lè dínkù nígbà tí òṣùwọ̀n dúró. Nǹkan oṣù náà lè fi omi kílò kan tàbí méjì kún ara, nítorí náà ẹ fi ọ̀sẹ̀ yìí wé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù tó kọjá.

Bí méjèèjì kò bá mì fún oṣù kan, ẹ wo ìkòkò. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ní kálórì bíi 120. Agbada tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ lè fi kálórì 500 kún abọ́ kan. Ṣíbí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jẹ nínú ìkòkò náà tó. Ẹ̀pà sísun ìkúnwọ́ kan, gíráàmù 30, ní bíi 170. Ẹ wo ohun mímu náà: nínú mínírà sẹ̀ǹtílítà 50, ṣúgà lè tó gíráàmù 50, móòtì náà kò sàn jù ú lọ. Ní òde àríyá, omi ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì ti jẹ ẹyin méjì nílé kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá ti jẹ ìrẹsì àríyá náà tán, oúnjẹ tó kàn ni kí ẹ padà sí, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé.

Bàbá wa ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń lo oògùn. Ṣé àwọn náà lè bá wa jẹ ẹ́? Ọmọ Bàbá, Àkúrẹ́.

Ẹ mú wọn lọ rí dókítà kí ẹ tó dín òkèlè wọn kù. Bí wọ́n bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tí wọ́n ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, oògùn náà á máa já ṣúgà wálẹ̀ bí ẹni pé òkèlè àtijọ́ ṣì wà nínú, ó sì lè já a jù. Dókítà ló máa dín oògùn náà kù. Metformin nìkan kì í sábà fa èyí. Bí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò wọ́n, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ẹ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí kò bá tó 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní ṣúgà oníhóró mẹ́rin pẹ̀lú omi, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.