Egbò tí kò jinná lẹ́yìn ìrìnàjò òkè Ọya

Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní láti ìgbà tó ti tòkè Ọya dé sí Ìkẹ́nnẹ́ ni egbò ti wà lápá rẹ̀, oṣù kẹta rèé, kò dùn ún, kò sì jinná. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Gbànja ni mò ń tà ní Sábó Ṣàgámù, mo sì máa ń tẹ̀lé ọjà dé Sókótó, nígbà mìíràn títí wọ orílẹ̀-èdè Niger. Tí ooru bá mú, ìta la máa ń tẹ́ ẹní sí, lẹ́bàá ògiri amọ̀ tó ti sán.

Ó tó oṣù méjì tí mo ti délé kí kókó pupa kan tó yọ lápá mi. Eéwo ni mo pè é. Ó là, kò mú ọyún wá. Àárín rẹ̀ jìn, etí rẹ̀ wú yíká bí etí àwo. Mo tú kápúsù sí i, mo gún abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, mo sì lo oṣù mẹ́rin ní ilé ìwòsàn kan tó jẹ́ pé báńdéèjì ṣáá ni wọ́n ń pààrọ̀. Owó ọjà tán síbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn oníbàárà ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ò jẹ́ kí n fọwọ́ ka obì fún òun mọ́.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: "Bàbá, ibo lẹ sùn lọ́dún tó kọjá?" Ó ha etí egbò náà, kì í ṣe àárín, wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó, wọ́n sì rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa leishmaniasis, àìsàn tó ń dá irú egbò yìí sára. Ilẹ̀ gbígbẹ òkè lọ́hùn-ún ló ti ń jà. Nílẹ̀ Rẹ́mọ, ta ló máa rò ó?

Sandfly, kòkòrò kékeré kan tó ń fò tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé e. Kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, kì í hùn bí ẹ̀fọn, ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí ló ń jẹni. Kì í yé ẹyin sínú omi. Ihò eku, ògiri sísán àti ibùso ẹran ni ilé rẹ̀. Ara eku ló ti ń gbé àìsàn náà wá bá èèyàn. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín jẹun, ẹ dì mọ́ ọn. Ìfọwọ́kàn kì í ràn án.

Oògùn kan tó ń jẹ́ sodium stibogluconate ni wọ́n gún yí etí egbò mi ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ta mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Òmíràn máa ń jinná fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kì í lọ. Tó bá wà nítòsí imú tàbí ẹnu, ẹ má dúró rárá. Irú mìíràn nínú àìsàn yìí, kala-azar, inú ara ló ń wọ̀: ibà tí kò lọ, rírù, ikùn wíwú lápá òsì. Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó ń pa ju 95 lọ nínú 100.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún èèyàn. Ní báyìí, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí ni mò ń gbé lọ, torí kòkòrò yẹn lè gba ojú nẹ́ẹ̀tì lásán wọlé. Mo ń wọ aṣọ alápá gígùn tílẹ̀ bá ti ń ṣú, mi ò sì sùn nílẹ̀ mọ́. Fáànù dára, torí sandfly kò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn.

Egbò ẹ̀gbọ́n yín lè jẹ́ nǹkan mìíràn, àyẹ̀wò ló máa sọ. Tí ẹ bá ń mú un lọ, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìlú tó sùn sí àti oṣù tó sùn níbẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fún dókítà kó tó tú báńdéèjì.