Ìlà Kejì Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi, Ìlà Kìíní Ló Ṣẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Akúrẹ́ ni mo ń gbé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò. Bàbá mi máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìdànrè, mo sì fẹ́ kọ èyí tí yóò máa bá wọn ṣírò owó. Ìlà mẹ́ta péré ni:

kilo = int(input("Kilo meloo? ")
owo = kilo * 5000
print(owo)

“SyntaxError: invalid syntax” (ìyẹn ni pé mo ṣẹ̀ sí òfin ìkọ̀wé Python) ni ó ń kọ, ìlà kejì ni ó sì ń tọ́ka sí. Mo ti tún ìlà náà tẹ̀ títí, n kò rí àléébù kankan.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò lè rí àléébù níbẹ̀, nítorí ìlà kejì kò ṣẹ̀. Ẹ padà sí ìlà kìíní kí ẹ ka àwọn àmì akámọ́ inú rẹ̀: ẹ ṣí ọ̀kan lẹ́yìn int, ẹ ṣí òmíràn lẹ́yìn input, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ pa dé. Níwọ̀n ìgbà tí akámọ́ kan bá ṣì wà ní ṣíṣí, Python kì í gbà pé gbólóhùn ti parí. Ńṣe ni yóò máa kà á lọ wọ inú ìlà tó tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá sì kan owo, tí kò retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ni yóò tó figbe ta. Ẹ fi akámọ́ kan kún ìparí ìlà kìíní.

Mo fura pé Python orí kọ̀ǹpútà yín ti pẹ́, torí pé láti ẹ̀dà 3.10, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, akámọ́ tí a kò pa dé gan-an ni ó máa ń tọ́ka sí.

Ẹ má ṣe torí kí akámọ́ lè bára mu yọ int kúrò o! Àṣìṣe náà yóò pòórá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni input ń gbà wọlé, kì í ṣe iye; int ló ń sọ ọ́ di iye, nítorí náà bí Bàbá bá tẹ 12, kọ̀ǹpútà yóò to 12 tẹ̀ léra wọn ní ìgbà 5000. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fi float, tó ń gba iye tí kì í ṣe odidi, rọ́pò int, nítorí int kò ní gba 62.5 wọlé, bẹ́ẹ̀ kòkó kì í sábà wọn kílò géérégé.